Owó Omi ní Ìlú Èkó

Láyé àtijọ́, àwọn baba wa mọ owó ibodè tí oníbodè ń gbà lọ́wọ́ oníṣòwò; wọ́n sì mọ ìṣákọ́lẹ̀ tí àgbẹ̀ ń san fún onílẹ̀. Owó omi kò sí nínú wọn. Ẹni tí ó bá ní ìkòkò a lọ sí odò, a pọn omi, a sì padà sílé. Abájọ tí ọ̀rọ̀ náà fi korò létí àwọn ará Èkó nígbà tí ìjọba Gómìnà Walter Egerton gbé e jáde ní 1908.

Ohun tí ìjọba fẹ́ ni láti fa omi odò Ìjù, tí ó wà ní ìhà àríwá, gba inú páìpù wá sí Erékùṣù Èkó. Ìdí wà fún un. Iyanrìn ni ilẹ̀ Èkó, ọ̀sà sì yí i ká. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìnnà síta rárá. Kànga tí a bá gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá kò lè ṣaláìgba ẹ̀gbin rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú náà ní àwíjàre. Wọ́n ní kànga àwọn tó àwọn, àti pé àwọn òyìnbó ni omi ẹ̀rọ yóò ṣe láǹfààní jù. Ọba Èṣùgbàyí Elékòó àti àwọn ìjòyè rẹ̀ kò fara mọ́ ọn. Ní ọdún kan náà ni Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀. Ìjọba kò yí ọkàn padà. Nígbà tí wọ́n bu owó náà lé ìlú ní 1916, ìlú tún gbóná. Àwọn Mùsùlùmí Èkó pàápàá pín sí méjì lórí ọ̀ràn náà.

Bí a bá wò ó fínnífínní, ohun méjì ni orúkọ kan yìí bò mọ́lẹ̀. Omi fúnra rẹ̀ ni èkíní. Iṣẹ́ gbígbé omi wá sílé ni èkejì. Yorùbá kò kọ owó èkejì, nítorí ẹni tí ó bá bá ni pọn omi yẹ fún owó ọ̀yà. Síbẹ̀, bí a tilẹ̀ pè é ní owó iṣẹ́ omi, ìbéèrè kan ìbá ṣì kù: ta ni ó bẹ iṣẹ́ náà?

Lónìí, ará Èkó tí ń ra omi inú ọ̀rá kò jiyàn mọ́ pé omi ní owó. Ẹni tí yóò ru ẹrù owó náà, àti ẹni tí a ó kọ́kọ́ bi léèrè, ni àríyànjiyàn tí 1908 fi sílẹ̀ fún wa.