WSM ti Ìlú Nashville: Asọ̀rọ̀mágbèsì àti Afunfèrè Tí Wọ́n Lé Lọ

Bí ẹ bá jókòó ti àwọn àgbà wa tí wọ́n ti gbọ́njú ní nǹkan bí ọdún 1960, tí ẹ sì dárúkọ Jim Reeves, inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn yóò dùn. Orin òyìnbó ni, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Orin kántírì ni a ń pe irú orin bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1955, Jim Reeves darapọ̀ mọ́ ètò alẹ́ Sátidé kan tí ilé-iṣẹ́ rédíò WSM ń gbé sáfẹ́fẹ́ láti ìlú Nashville, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ní Amẹ́ríkà. Ìtàn ilé-iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nínú rẹ̀.

Kì í ṣe olórin ni ó dá WSM sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni, èyí tí ń jẹ́ National Life and Accident. Àwọn aṣojú rẹ̀ a máa kanlẹ̀kùn láti ilé dé ilé, wọn a máa gba owó táṣẹ́rẹ́ lọ́wọ́ àwọn mẹ̀kúnnù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ìyà má baà jẹ ẹbí bí àìsàn tàbí ikú bá dé. Lẹ́tà mẹ́ta tí ó jẹ́ orúkọ rédíò náà dúró fún ọ̀rọ̀ ìpolówó wọn, We Shield Millions, ìyẹn ni pé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni wọ́n ń dáàbò bò. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1925 ni wọ́n kọ́kọ́ gbóhùn sáfẹ́fẹ́.

Àwọn baba wa sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà bá ẹ̀rọ yẹn mu, ṣùgbọ́n àwọn ará oko Tennessee kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, George D. Hay, ọ̀gá ètò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ WLS ní Chicago dé, mú bàbá arúgbó ẹni ọdún 77 kan, Uncle Jimmy Thompson, wá síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Fáólìnì ni bàbá náà ń ta, àbúrò gòjé tiwa, ó sì ta á fún bí wákàtí kan. Lẹ́tà àti wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti gba èsì nìyẹn! Àwọn ọ̀tọ̀kùlú Nashville kan ráhùn pé orin ará oko yóò ba ìlú àwọn ọ̀mọ̀wé jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ra ìwé adójútòfò ni ó fẹ́ràn rẹ̀, ètò náà sì dúró.

Orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí títí di òní, Grand Ole Opry, dé ní oṣù Kejìlá ọdún 1927. Gẹ́gẹ́ bí Hay fúnra rẹ̀ ti ròyìn, ètò orin àwọn ọ̀mọ̀wé tí Walter Damrosch ń darí láti New York ni ó ṣáájú tiwọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Damrosch sọ pé kò sí ààyè fún ìṣe ojoojúmọ́ nínú orin àtàtà, síbẹ̀ ó fi orin kan tí ń fara wé ọkọ̀ ojú irin há a. Nígbà tí ó kan Hay, ó ní kìkì ìṣe ojoojúmọ́ ni tàwọn, ó sì ké sí DeFord Bailey pé kí ó fun ‘Pan American Blues’, tí ó ń sín ọkọ̀ ojú irin gidi kan tí ń kọjá ní Nashville jẹ. Bí ó ti parí ni Hay wí pé ‘grand opera’ ni wọ́n ti ń gbọ́ bọ̀, ṣùgbọ́n láti ìsinsìnyí lọ, ‘Grand Ole Opry’ ni. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ kíyè sí i: ẹ̀ka-èdè àwọn ará oko ni ó mọ̀ọ́mọ̀ fi pe orúkọ náà, bí ìgbà tí ènìyàn bá dìde láàrin àwọn tí ń sọ Yorùbá àjùmọ̀lò tí ó sì fi Ìjẹ̀ṣà dá wọn lóhùn.

Ta wá ni DeFord Bailey? Ọmọ adúláwọ̀ ni, ọmọ-ọmọ ẹni tí ń ta fáólìnì, tí a bí ní ọdún 1899 ní ìgbèríko Tennessee. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ṣe é nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, kò sì ga, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ̀ díẹ̀. Hàmóníkà ni ó ń fun, fèrè pẹlẹbẹ tí a ń fi sáàárín ètè. Ní ọdún 1928, nínú ọ̀sẹ̀ 52, 49 ni ó fi fun fèrè lórí ètò náà. Nígbà tí WSM kọ́ òpó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tuntun ní ọdún 1932, èyí tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 878 tí ó sì ń lo agbára wáàtì 50,000, ohùn rẹ̀ tàn dé ọ̀nà jíjìn. Òun àti àwọn òyìnbó jọ máa ń rìnrìn àjò eré. Roy Acuff fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òkìkí Bailey ni ó ń kó èrò wá nígbà tí òun kò tíì lórúkọ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá dé òtẹ́ẹ̀lì, òfin ìyàsọ́tọ̀ kì í jẹ́ kí Bailey bá wọn sùn síbẹ̀. Bí ebi bá pa á, kò lè bá wọn jókòó jẹun.

Ní ọdún 1941, ìjà owó gbóná láàrin àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti ASCAP, ẹgbẹ́ tí ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn tí ó ni orin. Àwọn rédíò ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ṣáájú, BMI, wọ́n sì fòfin de orin ASCAP. Àwọn orin tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Bailey wà lábẹ́ ASCAP. Ọdún náà ni WSM dá a dúró. Nínú ìwé tí Hay kọ ní ọdún 1945, ó ní ọ̀lẹ ni Bailey, pé kò fẹ́ kọ́ orin tuntun, ó sì pè é ní ohun amúṣeré ètò náà. Èmi kò gba èyí gbọ́. Ẹni tí ó fun fèrè ní ọ̀sẹ̀ 49 nínú 52, ọ̀lẹ wo ni ti ọ̀lẹ?

Bailey padà sí ìdí iṣẹ́ tí ó ti ní, ó ń dán bàtà fún àwọn ènìyàn ní Nashville, ìlú kan náà tí ètò tí ó fun fèrè sí lọ́rùn ti ń di òwò ńlá. Àwọn tí ń gbé bàtà wá, àwọn mìíràn nínú wọn kò mọ ẹni tí ó tẹ̀ ba níwájú wọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 1974, Opry kúrò ní gbọ̀ngàn Ryman, níbi tí ó ti wà láti ọdún 1943, ó lọ sí ilé tuntun. Ààrẹ Nixon wà níbi ìṣílé náà. Ọdún náà ni wọ́n tún pe Bailey sórí ìtàgé. Ó wá, ó sì fun fèrè. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1982. Ní ọdún 2005, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú ilé ìrántí àwọn aṣáájú orin kántírì, lẹ́yìn ọdún 64 tí WSM ti lé e.