Èrè àti Àtúnṣe: Òwò Kòkó àti Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

1. Ìfáárà

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni pé: ǹjẹ́ òwò lè mú èrè gidi wá níbi tí ó ti ń mú ìnira kúrò lọ́rùn àwọn ènìyàn àti kúrò lára ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé? Ní 1970, Milton Friedman, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ọmọ Amẹ́ríkà, dáhùn pé ojúṣe kan ṣoṣo tí òwò ní sí àwùjọ ni kí ó mú èrè rẹ̀ pọ̀ sí i láìrú òfin. Ní 2011, Michael Porter àti Mark Kramer gba ọ̀nà mìíràn yọ. Wọ́n ní ìṣòro àwùjọ gan-an lè di orísun èrè fún ilé-iṣẹ́ tí ó bá mọ bí yóò ṣe yanjú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èrò kejì yìí sí ohun tuntun. Ìtàn òwò kòkó ní Ìjerò, Arámọkọ, Ẹ̀fọ̀n àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká kò fara mọ́ èyí, nítorí pé ó ti pẹ́ tí irú òwò bẹ́ẹ̀ ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tí ìtàn náà fi kún un ni pé èrè àti àtúnṣe kì í bára wọn gbé pẹ́, bí àwọn tí ìṣòro ń bá fínra kò bá ní ọwọ́ nínú òṣùwọ̀n àti nínú ìwé ìṣirò.

2. Ilẹ̀ náà kí kòkó tó gbilẹ̀

Ìwọ̀-oòrùn Èkìtì jẹ́ ilẹ̀ olókè tí igbó wà ní ẹsẹ̀ àwọn òkè rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí kà mọ́ ọn: Ìjerò, Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Arámọkọ, àti Ẹ̀fọ̀n. Wọ́n wà nínú Ìpínlẹ̀ Èkìtì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996.

Àgbègbè yìí ni Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí ti dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, tí ọ̀rọ̀ náà sì di Ogun Kírìjì. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1877; wọ́n bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n 1893 ni àwọn jagunjagun tó tú ká ní bùdó. Nígbà tí àwọn ènìyàn padà sí oko, àárò àti ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ lórí iṣẹ́. Ní ti owó, ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni èsúsú, níbi tí olúkúlùkù ń dá owó tí yóò sì kó o nígbà tí ó bá kàn án. Èkejì ni ìwọ̀fà, níbi tí ajigbèsè tàbí ọmọ rẹ̀ ń fi iṣẹ́ ara ṣe èlé owó tí wọ́n yá. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ṣe pàtàkì. Nínú èsúsú, ẹni tí owó wọ́n ni ó ni ètò. Nínú ìwọ̀fà, olówó ni ó ni ín.

3. Ìṣòro tí ó bá kòkó wá

Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n tan kòkó káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Oko J. K. Coker àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Agége, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olóko sílẹ̀ ní 1907, jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ lébìrà láti ilẹ̀ òkè, tí wọ́n gbé èso àti ìmọ̀ padà lọ sí ìlú wọn. Ọdún 1907 yìí kan náà ni ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo. Kò gba ilẹ̀ Èkìtì kọjá, nítorí náà orí ènìyàn ni ó kọ́kọ́ ru ẹrù kí ọ̀nà mọ́tò tó là.

Jíjìnnà sí ọjà yìí ni ó fún alárobọ̀ lágbára. Ìṣòro mẹ́ta ni ó tẹ̀lé e. Èkíní ni òṣùwọ̀n: alárobọ̀ ni ó ni ín, òun ni ó ń kà á, àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé kò sì lè yẹ̀ ẹ́ wò. Èkejì ni gbèsè. Ní àsìkò òjò, kí kòkó tó pọ́n, àgbẹ̀ á yá owó sọ́gúndógójì lé èso tí ó ṣì wà lórí igi lórí, tàbí kí ó fi oko dógò. Ẹ̀kẹta ni dídára kòkó fúnra rẹ̀. Kòkó tútù gbọ́dọ̀ wà ní bíbò fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kí ó lè gbóná kí ó sì kan, lẹ́yìn náà kí ó gbẹ dáadáa nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n ajigbèsè tí olówó ń dúró dè kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Bí ó sì ti jẹ́ pé iye kan náà ni alárobọ̀ ń san lórí èyí tí ó dára àti èyí tí ó bu, kò sí ìdí tí àgbẹ̀ yóò fi ṣe làálàá asán.

Ìṣòro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so kọ́ra. Gbèsè ni ó ń ba kòkó jẹ́. Kòkó tí ó bàjẹ́ sì ń fa owó tí kò tó nǹkan, tí ń bí gbèsè mìíràn. Ní 1937, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tí ń ra kòkó ní Gold Coast àti Nàìjíríà, pẹ̀lú UAC láàárín wọn, bá ara wọn mulẹ̀ pé àwọn kò ní fi owó díje mọ́. Ìgbìmọ̀ Nowell tí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà jábọ̀ ní 1938, ó sì fi àbùkù ètò ọjà náà hàn kedere.

4. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

Láti àwọn ọdún 1920 ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ti ń kó àwọn àgbẹ̀ kòkó jọ sí ẹgbẹ́. C. F. Strickland ṣe ìwádìí rẹ̀ lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní 1934, òfin tẹ̀lé e ní 1935, Ọ̀gágun E. F. G. Haig sì di akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Láti ẹ̀bá Ìbàdàn ni ètò náà ti tàn dé àwọn ìlú kòkó yòókù, títí kan ti Èkìtì.

Bí ẹgbẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn láti lóye. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọ ara wọn, wọ́n sì ń dá owó pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ti èsúsú. Nínú owó yìí ni ẹni tí ó nílò rẹ̀ ti ń yá, lórí èlé tí kò gúnni lára. Ẹni tí kò jẹ olówó sọ́gúndógójì lè dúró kí kòkó rẹ̀ kan kí ó sì gbẹ. Nígbà tí ó bá gbé e dé, akọ̀wé ẹgbẹ́ á wọ̀n ọ́n lójú gbogbo wọn, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n á kó kòkó jọ, wọ́n á tà á pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpele rẹ̀. Èyí tí ó bá sì ṣẹ́kù lẹ́yìn ìnáwó á padà sọ́wọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí àjẹmọ́nú. Àwọn ẹgbẹ́ abúlé darapọ̀ di ẹgbẹ́ àgbègbè. Ní 1945 ni wọ́n dá Association of Nigerian Co-operative Exporters sílẹ̀ láti máa bá wọn ta kòkó, ní 1953 ni Báńkì Alájẹṣẹ́kù sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Kì í ṣe ìtọrẹ àánú ni ẹgbẹ́ ń ṣe. Ó jèrè nítorí pé ó mú ohun tí ń ba ọjà jẹ́ kúrò: òṣùwọ̀n èké, èlé àpọ̀jù àti kòkó tí ó bu. Ibi tí ìṣòro wà gan-an ni èrè ti jáde.

5. Eèpo kòkó àti iṣẹ́ àwọn obìnrin

Àpẹẹrẹ kejì kéré, kò sì sí nínú òfin kankan. Bí wọ́n bá la kòkó tán, eèpo ni ó ń ṣẹ́kù, ó sì tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwọ̀n èso náà. Òkìtì eèpo tí ó bá jẹrà sí àárín oko ni ilé àìsàn tí ń sọ kòkó di dúdú lórí igi ní àsìkò òjò. Àwọn obìnrin ilẹ̀ Yorùbá sọ ewu yìí di ohun èlò. Wọ́n ń sá eèpo náà, wọ́n ń sun ún di eérú, wọ́n ń sẹ́ omi eérú náà, wọ́n sì ń sè é pọ̀ mọ́ àdín tàbí epo pupa di ọṣẹ dúdú. Oko á mọ́, àìsàn á dín kù, aláṣẹ oko kò ní san owó ìmọ́tótó, oníṣẹ́ ọṣẹ á sì rí owó tirẹ̀ mú lọ sí ọjà. Ilé ìwádìí kòkó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964 ní Ìdí-Ayunrẹ́ náà ti fi eèpo yìí ṣe ọṣẹ àti oúnjẹ ẹran. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ti wà lẹ́nu rẹ̀ ṣáájú.

6. Ìgbìmọ̀ Ọjà

Ní 1947, ìjọba dá Ìgbìmọ̀ Ọjà Kòkó sílẹ̀. Ní 1954 ó di ti ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Ìpinnu rẹ̀ dára: kí owó kòkó má ṣe máa fò sókè kí ó sì máa já wálẹ̀ bí ó ti ṣe ní 1920 sí 1921. Ṣùgbọ́n èrè tí ìgbìmọ̀ náà kó jọ kò padà sọ́wọ́ àgbẹ̀. Gerald Helleiner ṣírò rẹ̀ pé láàárín 1947 sí 1954, ohun tí ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ó yẹ kí ó kan àgbẹ̀ kòkó ni ìjọba dá dúró.

Kò tọ́ láti sọ pé òfò ni gbogbo owó náà. Owó kòkó wà lára ohun tí ó gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955 ró, àwọn ọmọ Èkìtì sì jàǹfààní rẹ̀ púpọ̀. Síbẹ̀, ìṣòro gbogbo ìlú ni wọ́n fi owó àgbẹ̀ nìkan yanjú, láìbi í léèrè. Àwọn ọmọ tí wọ́n kàwé sì fi oko sílẹ̀, tí igi kòkó ń darúgbó lọ́wọ́ bàbá wọn. Ìbínú tí ó hàn nínú Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbàdàn àti àyíká rẹ̀ ni ó ti gbóná jù, kò ṣe é yà kúrò lára ìyàtọ̀ yìí. Ìwé ìṣirò ti kúrò ní abúlé.

7. Láti 1986

Ní 1986, ìjọba àpapọ̀ pa àwọn ìgbìmọ̀ ọjà rẹ́. Owó tí àgbẹ̀ ń gbà lé sókè. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò tuntun sáré ra gbogbo ohun tí wọ́n bá rí, gbígbẹ àti tútù, títí tí orúkọ kòkó Nàìjíríà fi bàjẹ́ ní òkè òkun fún ìgbà díẹ̀. Ìṣòro àwọn ọdún 1920 ni ó padà wá, nítorí pé ẹni tí ń jèrè kì í ṣe ẹni tí ń ru ìṣòro. Báńkì Alájẹṣẹ́kù náà wọ inú Skye Bank nígbà ìdàpọ̀ àwọn báńkì ní 2006, orúkọ rẹ̀ sì parẹ́.

Ìṣòro igbó ni ó kù nílẹ̀. Kòkó ni ó jẹ púpọ̀ nínú igbó àgbègbè yìí. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2023 sọ pé kòkó tí wọ́n bá gbìn sí ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn 2020 kò gbọ́dọ̀ wọ ọjà wọn, ó sì ní kí olùtajà fi ibi tí oko wà gan-an hàn. Èyí tún jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tí ń rà nìkan ni ó ni àkọsílẹ̀ oko, yóò di òṣùwọ̀n alárobọ̀ mìíràn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ni ó ni ín, yóò di ohun tí wọ́n lè fi béèrè owó tí ó dára jù.

8. Ìgúnlẹ̀

Àpẹẹrẹ tí iṣẹ́ yìí yẹ̀ wò kò ti Friedman lẹ́yìn tán, kò sì fún Porter àti Kramer ní gbogbo ẹjọ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti àwọn obìnrin ọlọ́ṣẹ jèrè níbi ìtúnṣe. Ìgbìmọ̀ Ọjà náà ṣe àtúnṣe, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ kò bá ẹni tí ó ṣiṣẹ́ gbé. Àgbájọ ọwọ́ ni àgbà fi ń sọ̀yà, bẹ́ẹ̀ ni àgbájọ ojú ni ó yẹ kí ó máa ka òṣùwọ̀n. Ìbéèrè tí ó yẹ kí onímọ̀ ìtàn máa bi òwò tí ó bá pe ara rẹ̀ ní olùtúnṣe ìlú kò pọ̀: ta ni ó ń wọ̀n ọ́n, ta ni ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ta sì ni èyí tí ó ṣẹ́kù ń padà sọ́wọ́ rẹ̀?