Ọtí tí kò hó ní Awoyaya

Mo ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ owó orí ayé amúnisìn ni n ó kọ lé lórí lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọtí ló dá mi dúró. Kì í ṣe mímu o. Pípọn ni.

Lóru ọjọ́ kẹta tí mo pọn ọ́n, ní nǹkan bí aago méjì, mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo lọ sí yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní Awoyaya níbí, mo kúnlẹ̀, mo fi etí ti kẹ́ẹ̀gì kan. Mo ń retí kó máa hó. Kò hó. Ó dákẹ́ bí ẹni tó ń bá mi yodì. Ìyàwó mi bá mi lórí ìkúnlẹ̀, ó ní, "Dádì, ṣé àdúrà lẹ̀ ń gbà ni?" Mo ní ìwádìí ni mò ń ṣe.

Ohun tó dùn mí ni pé ó pẹ́ tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ ọtí jẹun. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí kíláàsì mi á rántí. Mo lè dìde lójú oorun kí n sọ fún yín nípa àdéhùn St Germain ti 1919, èyí tó fòfin de ọtí líle olówó pọ́ọ́kú tí àwọn oníṣòwò òyìnbó ń kó wá sí ilẹ̀ adúláwọ̀, àti bí ògógóró ṣe wá gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, tí ọlọ́pàá ń lé àwọn tó ń sè é kiri inú igbó. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò pọn ọtí rí láyé mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti máa ń lo ọlidé. Mi ò bi í léèrè bó ṣe ń ṣe é. Ìgbà tí mo di olùkọ́ ìtàn, tí mo wá mọ ìbéèrè tó yẹ kí n bi í, ó ti lọ. Ìwọ̀nba tí mo rántí nìyí: àgbàdo tí wọ́n rẹ sómi, tí wọ́n wá fi ewé bò mọ́lẹ̀ títí tó fi hù; wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é pẹ́, wọ́n á fi asẹ́ sẹ́ ẹ, wọ́n á dà á sínú ìkòkò dúdú kan tó wà ní igun ilé ìdáná. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọṣẹ fọ ìkòkò yẹn. Ọmọ tó bá ṣí i wò á jẹ ìgbájú. Àwa ọmọdé gbà pé òrìṣà kan ló wà nínú ẹ̀. Ó ti wá ń yé mi báyìí pé a ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́.

Níbi ìsọmọlórúkọ, a máa ń gbé ọtí sókè, a ó ní ọtí kì í tí, ọmọ yìí kò ní tí. Àdúrà tó dáa ni, mo sì ti ṣe àmín sí i láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bi àwọn obìnrin tó ń pọn ọtí, wọ́n á sọ fún yín pé ọtí máa ń tí o. Ó ń tí, ó ń kan, ó sì ń bu. Iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan, igi ìdáná, omi tí wọ́n rù láti odò, gbogbo rẹ̀ lè wọgbó lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Bóyá nítorí pé wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ di àdúrà.

Ẹ̀mu kò ní wàhálà yìí ní tiẹ̀. Látorí igi ló ti ń hó bọ̀, torí ìwúkàrà, ìyẹn yíìsì, ti wà lára igi, ó wà nínú afẹ́fẹ́, ó wà nínú akèrègbè adẹ́mu. Ẹ̀mu tí wọ́n ní Ọbàtálá mu tó fi sùn lọ, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ayé ṣe, kò sẹ́ni tó pọn ọ́n fún un. Ọtí ọkà ló le. Ọkà kò ní ṣúgà lára bí omi ọ̀pẹ. Ẹni tó ń pọntí ló gbọ́dọ̀ fa ṣúgà náà yọ, kó sì tún wá ohun tí yóò sọ ṣúgà di ọtí. Ibi tí ọ̀rọ̀ tèmi ti wọ́ gan-an nìyẹn.

Mo ra ọkà bàbà lọ́jà, mo rẹ ẹ́, mo jẹ́ kó hù, mo sá a, mo lọ̀ ọ́. Gbogbo ìyẹn lọ dáadáa. Mo wá ṣí ìwé kan tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ láti Ìlú Ọba, ìwé ìpọntí abẹ́lé. Ìwé náà ní kí n po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi gbígbóná tó wà ní ìwọ̀n 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí n sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí kì í ṣe omi adídùn, ògì ni. Mo sẹ́ ẹ bó ṣe mọ, mo da yíìsì búrẹ́dì kan tó ti pẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa sí i, mo dé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ.

Báálì ni ìwé yẹn kọ fún. Báálì tó ti hù ní èròjà tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà lọ́pọ̀lọpọ̀, sítáàṣì rẹ̀ sì máa ń rọ̀ ní bí ìwọ̀n 60 sí 65, níbi tí ooru kò tíì pa èròjà náà. Ti ọkà bàbà yàtọ̀. Omi gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí sítáàṣì rẹ̀ tó rọ̀, ooru yẹn náà ló sì ń pa èròjà tó yẹ kó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá se é, ẹ pa òṣìṣẹ́. Bí ẹ ò bá se é, iṣẹ́ ò ṣeé ṣe.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà kan ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1946 ni wọ́n dá Nigerian Breweries sílẹ̀, ìgò Star àkọ́kọ́ sì jáde ní Ìgànmú ní oṣù kẹfà 1949. Báálì tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun ni wọ́n fi ń pọn ọ́n. Bíà inú ìgò di ohun ọ̀làjú, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ di ohun ará oko. (Àwọn kan fẹ́ràn láti di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó. Èmi ò gbà. Àwa fúnra wa la tijú ìkòkò ìyá wa.) Nígbà tó di 1988, ìjọba ológun fòfin de kíkó báálì wọlé, kò sì sí ọ̀nà mìíràn fún àwọn ilé iṣẹ́ náà ju kí wọ́n yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Wọ́n bá ìṣòro kan náà tí mo bá ní yàrá ẹ̀yìn mi, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì yanjú rẹ̀ nípa ríra èròjà tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà láti ilé iṣẹ́ mìíràn, kí wọ́n máa bù ú sí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí kẹ́ẹ̀gì mi. Lọ́jọ́ kejì, òórùn rẹ̀ dà bíi ti omidùn. Ìdààmú bá mi. Ìyàwó mi tún dá kún un, ó béèrè bóyá irú èyí kọ́ ló fọ́ àwọn èèyàn lójú. Ẹ̀rù tó bà á kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ní oṣù kẹrin 2015, ọ̀pọ̀ èèyàn kú ní agbègbè Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn kan kọ́kọ́ fọ́jú, kó tó di pé àyẹ̀wò fi hàn pé methanol ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Mo fi yé e pé ọtí ọkà tí wọn kò sè kí wọ́n gba oje ooru rẹ̀ kì í ní methanol tó lè pa èèyàn. Ó gbọ́, àmọ́ kò fara mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kẹrin, irun wúruwùru aláwọ̀ ewé hù sójú rẹ̀. Mo lọ dà á nù lẹ́yìn odi.

Ibẹ̀ ni obìnrin kan ti rí mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà wa yìí, láti Ṣángótẹ̀dó títí dé Lákòwé, ẹ mọ̀ pé ilé kíkọ́ ò dáwọ́ dúró. Obìnrin yìí àti ọkọ rẹ̀ ń ṣọ́ ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ará Natitingou ni, ní òkè Bẹ̀nẹ̀; Parakou ló ti gbọ́ Yorùbá. Ó ń pọn ọtí ọkà, èyí tí wọ́n ń pè ní tchoukoutou lọ́dọ̀ wọn, fún àwọn bíríkìlà. Ó wo ohun tí mo dà nù, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wá ní:

"Bàbá, ẹ má bínú o. Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ta lẹ gbà?"

Mo ní mi ò gba ti ẹnikẹ́ni. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Háà, Bàbá! Ṣé òfìfo lèèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ìbéèrè yẹn ni mi ò rí nínú ìwé kankan. Nígbà tí mo wọlé tí mo ronú sí i, mo rántí ọ̀gbẹ́ni Jacobsen, tó dá ilé iṣẹ́ Carlsberg sílẹ̀ ní Denmark. Ní 1845, kó tó kọ́ ilé iṣẹ́ náà rárá, ó rin ìrìn àjò lọ sí Munich ní Jámánì, ó gba yíìsì lọ́wọ́ apọntí kan níbẹ̀, ó sì gbé e padà nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ó ń da omi tútù sára agolo rẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá ti dúró kó má bàa kú lọ́nà. Látinú ilé iṣẹ́ ọkùnrin yìí kan náà ni Emil Christian Hansen ti ya yíìsì kan ṣoṣo sọ́tọ̀ ní 1883, tí Carlsberg sì fi ta àwọn apọntí yòókù lọ́rẹ. Ọ̀pọ̀ bíà tútù tí ayé ń mu, láti orí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹnì kan tọrọ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìkòkò tí a kò gbọdọ̀ fi ọṣẹ fọ̀ nílé ẹ̀gbọ́n ìyá mi, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe: ìwúkàrà ọtí àná wà lára rẹ̀, ó ń dúró de tòní.

Mo bẹ obìnrin náà pé kó kọ́ mi. Ó kọ́kọ́ rò pé mò ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀.

Nígbà tí ọkà tuntun gbẹ, ó fi ọwọ́ ra á, ó fẹ́ gbòǹgbò àti èéhù rẹ̀ dànù. Ó ní wọ́n korò. Wọn kì í ṣe kíkorò nìkan: èéhù ọkà bàbà ní èròjà tó lè di sáyánáìdì. Ó ṣa gbogbo èyí tó ti bu kúrò, ó dára bẹ́ẹ̀, torí májèlé tí ọkà bíbu máa ń ní kì í bá sísè lọ. Ó wá po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi tútù, ó jẹ́ kó silẹ̀, ó rọra bu omi òkè rẹ̀ sọ́tọ̀ sínú abọ́. Èyí tó ki nísàlẹ̀ nìkan ló gbé kaná, ó sè é dáadáa títí tó fi ń fà. Lẹ́yìn tó tutù díẹ̀, ó da omi ọ̀tọ̀ yẹn padà lé e lórí.

Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, mi ò lè sọ̀rọ̀. Omi òkè yẹn ni èròjà wà. Ó yọ òṣìṣẹ́ kúrò kó tó dáná, ó se iṣẹ́ rọ̀, ó wá dá òṣìṣẹ́ padà. Ohun tí ilé iṣẹ́ ń fowó rà, abọ́ kan àti sùúrù ni obìnrin tí kò ní tẹmómítà fi ń ṣe é. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní ìyá ọkọ òun.

Ó fi í sílẹ̀ dilẹ̀ mọ́. Lówùúrọ̀, ó rùn bí omidùn, gẹ́gẹ́ bíi tèmi. Mo wò ó lójú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rùn, kíkan ni kì í jẹ́ kí nǹkan burúkú wọ̀ ọ́. Ó sẹ́ ẹ, ó tún sè é fún wákàtí púpọ̀, ó jẹ́ kó tutù. Nírọ̀lẹ́, ó mú ohun gbígbẹ kan jáde láti inú kèrègbè, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ọtí tó ti kọjá tí wọ́n sá gbẹ. Kpètè-kpètè ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ó bù díẹ̀ fún mi.

Kò tó ọjọ́ mẹ́ta. Kò tiẹ̀ tó ọjọ́ kan. Nínú ooru Awoyaya yìí, kí ilẹ̀ tó mọ́, ìfófòó ti dé ẹnu ìkòkò, ó ń hó yee, mo ń gbọ́ ọ láti pálọ̀. Mo jí ìyàwó mi pé kó wá gbọ́. Kò bá mi wí. Lọ́sàn-án, ó tọ́ ọ wò, ó dákẹ́, ó ní ó rán òun létí nǹkan kan.

Wọ́n ní ilé tí wọ́n ń ṣọ́ yẹn yóò parí kí ọdún tó tán, obìnrin náà yóò sì bá ọkọ rẹ̀ lọ síbi tí iṣẹ́ bá tún wà. Mo ti pọn tèmi lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyẹn, ó hó lẹ́ẹ̀mejèèjì. Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ mi wà lórí atẹ́ lóòrùn bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó bá fẹ́ nínú yín lè wá gbà á. Bó bá jẹ́ ọtí lẹ fẹ́ gbé lọ, ẹ mú kẹ́ẹ̀gì dání, ẹ má sì dé e pa o. Ìgò kan ti bú gbàmù mọ́ mi lọ́wọ́ nínú yàrá ẹ̀yìn.