Ìwà Ìyá, Ọjọ́ Ayé Ọmọ: Ìgbéléwọ̀n Owó Ìrànwọ́ Àwọn Opó ní Amẹ́ríkà, 1911–1935

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, opó tí kò lówó ní àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà lè pàdánù ọmọ rẹ̀ láìṣẹ̀ láìrò: wọ́n lè kó ọmọ náà lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọ aláìlóbìí nítorí pé ìyá kò rí oúnjẹ fún un. Ìpàdé tí Ààrẹ Theodore Roosevelt pè ní Washington ní ọdún 1909 ta ko àṣà yìí. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé òṣì nìkan kò tó ìdí láti gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìpínlẹ̀ Illinois ṣòfin pé kí ìjọba máa san owó fún òbí tálákà kí ó lè tọ́ ọmọ rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Òfin náà ràn ká bí iná ọyẹ́. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ìpínlẹ̀ ti ṣe irú rẹ̀.

Owó náà kò tó nǹkan, ọwọ́ tí ó sì ń dé kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí òpìtàn fara balẹ̀ wò ni irú ìbéèrè tí àwọn tí ń pín in ń béèrè. Òṣìṣẹ́ kan yóò lọ sí ilé opó: ṣé ilé mọ́? Ṣé ọkùnrin kankan ń gbé níbẹ̀? Ṣé obìnrin náà ń mutí? Wọn a kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ìyá tí kò ṣe ìgbéyàwó kò ní ìpín níbẹ̀ rárá. Àwọ̀ ara pẹ̀lú di ẹnubodè: ìwádìí Children's Bureau ti ìjọba àpapọ̀ ní 1931 fi hàn pé nínú àwọn ìdílé tí a mọ ẹ̀yà wọn, nǹkan bí 3 péré nínú 100 ni ó jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú. Ìwà ìyá, bí àwọn aláṣẹ ṣe rí i, ni òṣùwọ̀n. Ohun tí owó náà yóò sọ ọmọ dà ní 60 ọdún sí i kò sí lára ohun tí wọ́n ń wádìí.

Àwọn ìwé kan náà ni ó wá dá ẹjọ́ mìíràn. Ní 2016, Anna Aizer, Shari Eli, Joseph Ferrie àti Adriana Lleras-Muney tẹ ìwádìí wọn jáde nínú American Economic Review. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀ 11 jọ, wọ́n sì tọ ipasẹ̀ nǹkan bí 16,000 ọmọkùnrin dé inú ìwé ìkànìyàn, ìwé ìgbanisíṣẹ́ ológun ti Ogun Àgbáyé Kejì àti àkọsílẹ̀ ikú. (Ọmọkùnrin nìkan ni, nítorí pé ọmọbìnrin máa ń yí orúkọ padà bí ó bá lọ sílé ọkọ, ipasẹ̀ rẹ̀ a sì parẹ́ nínú ìwé: àdánù tí kò kéré.) Àwọn tí ìyá wọn rí owó náà gbà fi bí ọdún kan pẹ́ láyé ju àwọn tí wọ́n dá ìyá wọn padà lọ. Wọ́n pẹ́ díẹ̀ sí i ní ilé ìwé, àwọn tí ara wọn gbẹ kò pọ̀ láàárín wọn, owó tí ń wọlé fún wọn nígbà tí wọ́n dàgbà sì pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ọdún 3 péré ni ìdílé sábà fi ń gba owó náà.

Ẹnìkan lè jiyàn pé ìyá oníwà rere ni wọ́n yàn, pé ìwà ìyá ni ó gbé ọmọ ró, kì í ṣe owó. Iyàn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó bí ó ti dún létí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá tí wọ́n kọ̀ ni wọ́n kọ̀ nítorí pé wọ́n ní ohun ìní tàbí ẹbí tí ó lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọmọ irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó ṣe dáadáa jù. Ọjọ́ ayé tirẹ̀ ni ó sì kúrú jù. Ibòmíràn ni ìwádìí náà kù sí: àwọn tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n dé ibi ìkọ̀wé rárá, àwọn ìyá aláwọ̀ dúdú ní pàtàkì, kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ìwé tí a lè yẹ̀ wò.

Òfin Social Security ti 1935 gba ètò náà mọ́ra lábẹ́ orúkọ Aid to Dependent Children, ìfura sí ìwà ìyá sì bá a wọlé. Nígbà tí Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí òfin tí ó fòpin sí i ní 1996, iṣẹ́ àti ìwà àwọn òbí ni ó gba iwájú nínú àríyànjiyàn. Àwọn tí wọ́n fi owó àkọ́kọ́ yẹn tọ́ dàgbà, tí wọ́n ṣì wà láyé nígbà náà, ti di arúgbó. Ìwé ìyá wọn wà ní ilé ìpamọ́. Ogún ọdún ṣì kù kí àbájáde ìwádìí tí ó fi í wé àkọsílẹ̀ ikú tó jáde.