Ilẹ̀kùn Bàbá Àgbà ní Òjé

Nígbà tí bàbá bàbá mi re ibi àgbà ń rè, a kò rí kọ́kọ́rọ́ yàrá wọn mọ́. Sányán tí wọ́n ní kí a fi sin àwọn wà nínú yàrá náà, ìsìnkú sì di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí a gbé àáké wá. Ìyá àgbà kọ̀ jálẹ̀, nítorí ọwọ́ ara wọn ni Bàbá fi gbẹ́ ilẹ̀kùn ìrókò náà. Ni wọ́n bá rán mi sí bàbá alágbẹ̀dẹ kan lẹ́bàá ọjà Òjé.

Láyé àtijọ́, ọ̀pá ìdábùú ni àwọn baba wa fi ń ti ilẹ̀kùn láti inú ilé. Èmi tí mo ń kọ́ ìmọ̀ èdè kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún títi ènìyàn ṣubú àti títi ilẹ̀kùn. Lójú mi, ọ̀pá yìí ni ó bí i, nítorí títì ni a ń tì í kọjá. Kọ́kọ́rọ́ ni ó jẹ́ kí ẹni tí ó ń jáde lọ lè mú àṣẹ ilé rẹ̀ sápò.

Irú ti Bàbá ni èyí tí Robert Barron gba ìwé àṣẹ lé lórí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1778. Ahọ́n irin kan ń wọ inú òpó ilẹ̀kùn. Kùkùté irin kékeré kan sì dúró lára ahọ́n náà. Àwọn irin pẹlẹbẹ tò léra, olúkúlùkù pẹ̀lú àlàfo tirẹ̀, sípíríìnì sì ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Eyín kọ́kọ́rọ́ ni ó ń gbé wọn. Bí ọ̀kan bá gòkè jù, tàbí tí kò gòkè tó, kùkùté kò ní rí ọ̀nà. Àfi bí gbogbo àlàfo bá ṣe déédéé lẹ́ẹ̀kan náà ni kọ́kọ́rọ́ yóò tó lè fa ahọ́n sẹ́yìn.

Ní 1851, A. C. Hobbs, ará Amẹ́ríkà, ṣí èyí tí ilé iṣẹ́ Bramah gbé sójú fèrèsé ní Lọ́ńdọ̀nù fún ohun tí ó ju 40 ọdún lọ, tí wọ́n fi 200 gíní ṣe ẹ̀bùn lé lórí. Wákàtí 51 ni ó gbà á, láàárín ọjọ́ 16: bí ẹni bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà aṣọ òkè Òjé, tí ó parí ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀lé e. Àwa kò ní ju òru kan lọ.

Bàbá alágbẹ̀dẹ fi èéfín àtùpà kun irin tí kò tíì ní eyín, wọ́n tì í bọ ihò, wọ́n yí i díẹ̀, wọ́n fà á yọ. Ibi tí èéfín ti ṣí ni irin pẹlẹbẹ ti kàn án; ibẹ̀ ni wọ́n fi fáìlì ha. Wọ́n tún kùn ún, wọ́n tún tì í bọ̀ ọ́. Èmi ni mo ń gbé iná, títí àkùkọ fi kọ.

Nígbà tí ahọ́n irin náà padà sẹ́yìn, Ìyá àgbà nìkan ni wọ́n jẹ́ kí ó kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n gbé sányán jáde, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ tuntun lọ́wọ́ mi, wọ́n sì so ó mọ́ etí ìró wọn.