Bí Eré Ìdárayá Ṣe Gbilẹ̀ ní Tucson, Ìlú Inú Aṣálẹ̀

Ìpínlẹ̀ Arizona ni Tucson wà, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, kò sì jìnnà sí ààlà Mẹ́síkò. Aṣálẹ̀ Sonora ló yí i ká. Bí oṣù kẹfà bá wọlé, oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni: ooru á máa kọjá dígírì 38, afẹ́fẹ́ á sì gbẹ bíi ti ọyẹ́. Síbẹ̀, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́, àwọn tó ń sáré àtàwọn tó ń pọ́n òkè kún ìlú náà bámúbámú. Ohun tó jọ mí lójú jù nínú ìtàn wọn ni pé díẹ̀ ni wọ́n dìídì kọ́ fún ìgbafẹ́ nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń najú lónìí. Ẹlẹ́wọ̀n ló la ọ̀nà orí òkè. Ọ̀gbàrá ló bí ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Òkè tí gbogbo ìlú ń gùn láàárọ̀, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ló ni ín.

Kí aláwọ̀ funfun tó dé ni àwọn Tohono O'odham, ẹ̀yà onílẹ̀ ibẹ̀, ti ń ṣeré nílẹ̀ yìí. Àwọn obìnrin wọn ní eré kan tí wọ́n ń pè ní toka. Ikọ̀ méjì á dojú kọ ara wọn, kálukú á di ọ̀pá gígùn mú, wọ́n á sì máa fi gbá igi kékeré méjì tí wọ́n so pọ̀ lọ sí ẹ̀yìn àwọn alátakò. Ní ti àwọn ọkùnrin, eré ọ̀nà jíjìn ni tiwọn: wọ́n á máa fẹsẹ̀ ta bọ́ọ̀lù onígi síwájú, wọ́n á sì máa sáré tẹ̀ lé e fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà. Toka kò tíì parun. Àwọn ọmọbìnrin ṣì ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn ìyá wọn.

Ọdún 1880 ni ọkọ̀ ojú irin wọ Tucson. Lára àwọn tó bá a wá ni àwọn tí ikọ́ ife ń bá jà, nítorí àwọn dókítà ìgbà náà gbà pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn olówó tó ń sá fún òtútù tẹ̀ lé wọn. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ìgbà òtútù yìí, Leighton Kramer, ló ṣagbátẹrù ìdíje àwọn darandaran tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1925, tí wọ́n sọ ní La Fiesta de los Vaqueros. Wọ́n á gun ẹṣin tí kò gbọ́ràn, wọ́n á fi okùn mú ọmọ màlúù lórí eré. Títí di òní, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìlú máa ń gba ìsinmi nítorí rẹ̀, ìwọ́de rẹ̀ kì í sì í gba ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì láyè.

Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 1933, Ààrẹ Hoover fọwọ́ sí i pé kí ìjọba àpapọ̀ máa dáàbò bo igbó saguaro tó wà ní ìlà-oòrùn ìlú. Igi ẹlẹ́gùn-ún tí kò léwé ni saguaro. Ó lè ga ju mítà 12, ó sì lè lo ju 150 ọdún lọ láyé, ṣùgbọ́n kì í ga ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ ní ọdún mẹ́jọ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá gé ọ̀kan lulẹ̀ ti ba ohun tí kò lè tún ṣe lójú ayé ara rẹ̀ jẹ́. Ní 1961, Ààrẹ Kennedy fi ilẹ̀ kún un ní ìwọ̀-oòrùn ìlú. Ní 1994 ó di ọgbà ńlá ti orílẹ̀-èdè. Báyìí, apá méjèèjì ìlú ni èèyàn ti lè rìn láàárín igi wọ̀nyí.

Àríwá ìlú ni òkè Santa Catalina wà, ibẹ̀ sì ni ìtàn yìí ti nípọn jù. Góńgó rẹ̀, Mount Lemmon, ga tó nǹkan bí mítà 2,790. Orúkọ obìnrin onímọ̀ ewéko kan ni wọ́n fi pè é, Sara Plummer Lemmon, tí òun àti ọkọ rẹ̀ gùn ún dé òkè ní 1881. Ọ̀nà ìhà Tucson kọ́kọ́ kọ̀ fún wọn. Ìhà kejì ni wọ́n gbà gun òkè, tí Emerson Stratton, ọlọ́sìn ẹran kan, fọ̀nà hàn wọ́n. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ sá fún ooru lọ sókè ní láti fẹsẹ̀ rìn tàbí kó gun ẹran.

Frank Hitchcock, tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà rí, ló jà fitafita kí ọ̀nà mọ́tò tó débẹ̀. Ọdún 1933 tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀dá owó gbòde. Ẹlẹ́wọ̀n ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n kó síbẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún gbáko ni wọ́n fi fọ́ àpáta. Ó sì ju 8,000 ẹlẹ́wọ̀n tó fọwọ́ kan iṣẹ́ náà kó tó parí ní 1950. Ibùdó wọn kò ní ọgbà ẹlẹ́gùn-ún wáyà. Òkúta tí wọ́n kùn ní ọ̀dà funfun ni wọ́n fi pààlà rẹ̀, ẹni tó bá sì kọjá òkúta ti di ìsáǹsá.

Gordon Hirabayashi wà lára wọn. Ọmọ Amẹ́ríkà tí òbí rẹ̀ ti Japan wá ni, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ìpínlẹ̀ Washington. Ní 1942, nígbà tí Amẹ́ríkà ń bá Japan jagun, ó kọ̀ láti tẹ̀ lé òfin kónílé-ó-gbélé tí wọ́n fi de àwọn ẹ̀yà tirẹ̀, ó sì kọ̀ kí wọ́n kó òun lọ sí àgọ́ tí wọ́n ń há wọn mọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí ìdálẹ́bi rẹ̀ ní 1943. Ìjọba ní òun kò ní owó ọkọ̀ tí òun yóò fi gbé e dé ibùdó Tucson. Ni Hirabayashi bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá mọ́tò dúró lójú pópó, ó ń bẹ onímọ́tò kan dé òmíràn títí ó fi dé Arizona. Nígbà tó débẹ̀, àwọn ọlọ́pàá kò rí ìwé ẹ̀sùn rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó kọ̀. Wọ́n ní kó lọ wo sinimá kó padà wá nírọ̀lẹ́, nígbà tó fi máa padà wọ́n ti rí ìwé náà. Ta ló tún gbọ́ irú rẹ̀ rí, kí ẹlẹ́wọ̀n máa bẹ̀ kí wọ́n gba òun wọlé? Ní 1987, ilé ẹjọ́ fagi lé ẹ̀bi rẹ̀. Ní 1999 wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ibi tí ibùdó náà wà. Àwọn tó ń gbafẹ́ ló ń pàgọ́ sùn níbẹ̀ báyìí.

Ọ̀nà náà gùn tó kìlómítà 43. Bí èèyàn ṣe ń gòkè, saguaro á tán, koríko á bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà igi páìnì. Bí yìnyín bá bọ́ lókè pátápátá, wọ́n á so pákó mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n á sì máa yọ̀ wálẹ̀ lórí rẹ̀. Iná igbó ti jà níbẹ̀ kíkan: ti 2003 jó ju 300 ilé ní abúlé Summerhaven, òmíràn sì tún jà ní 2020.

Béésìbọ́ọ̀lù náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1947, Bill Veeck, ẹni tó ni ikọ̀ Cleveland, kó ikọ̀ náà wá máa gbára dì ní pápá Hi Corbett ní Tucson kí ìdíje ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Ó ń wá ibi tí wọn kò ti ní ka àwọ̀ sí tó ti Florida, torí ó fẹ́ gba adúláwọ̀. Lóṣù keje ọdún yẹn ló gba Larry Doby, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú líìgì béésìbọ́ọ̀lù American League. Ṣùgbọ́n nígbà tí Doby dé Tucson ní 1948, hótéẹ̀lì tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ̀ kò gbà á. Ilé ìdílé adúláwọ̀ kan nínú ìlú ló sùn. Ọdún yẹn kan náà ni ikọ̀ rẹ̀ borí nínú World Series, àṣekágbá béésìbọ́ọ̀lù. Cleveland kúrò ní Tucson lẹ́yìn 1992, ikọ̀ Colorado tó rọ́pò wọn sì lọ lẹ́yìn 2010.

Odò Santa Cruz àti Rillito tó la ìlú kọjá máa ń gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún, àlejò á máa béèrè pé odò dà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá 1983, àwọn odò náà fúnra wọn dáhùn. Òjò tí ìjì Octave gbé wá rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, omi gé etí odò jẹ, ilé sì ń ya lulẹ̀ sínú odò. Lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ Pima bẹ̀rẹ̀ sí í fi sìmẹ́ńtì tí wọ́n pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀ mú etí odò le. Ọ̀nà tóóró tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà ṣàyẹ̀wò orí rẹ̀ ni àwọn ará ìlú bá sọ di ọ̀nà ìrìn. Wọ́n so wọ́n pọ̀ díẹ̀díẹ̀ di The Loop, tó ju kìlómítà 200 báyìí, tí mọ́tò kò gbọ́dọ̀ gbà. Ọdún 1983 náà ni eré kẹ̀kẹ́ El Tour de Tucson bẹ̀rẹ̀, oṣù kọkànlá ni wọ́n máa ń ṣe é.

Òkè Tumamoc kò ga, àmọ́ ó máa ń mú èèyàn mí gúlegúle. Ní 1903 ni wọ́n dá ilé ìwádìí aṣálẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, láti mọ bí ewéko ṣe ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ ni gbogbo ìlú ń rìn láti ìdájí. Wọn kò gba ajá láyè níbẹ̀.

Àwọn eléré ìje tó lórúkọ náà fi Tucson ṣe ilé. Bernard Lagat, ọmọ Kenya tó di ọmọ Amẹ́ríkà, ń gbébẹ̀. Abdi Abdirahman, tí wọ́n bí ní Sòmálíà, kọ́ eré sísá ní ìlú yìí, ó sì gbára dì lórí òkè Lemmon. Ìdíje Òlíńpíìkì márùn-ún ló lọ. Ẹni ọdún 44 ni nígbà tó sá eré máratọ́ọ̀nù ti Òlíńpíìkì Tokyo ní 2021.