Rẹ́

Rẹ́, ọ̀rọ̀-ìṣe: kí á fi nǹkan rírọ̀ bo ara ògiri kí ó lè dán, kí ó sì lè pẹ́. Iṣẹ́ bíríkìlà ni. Ó yàtọ̀ sí kùn: ọ̀dà là ń kùn, ìrẹ́lé sì máa ń ṣíwájú rẹ̀. (Rẹ́ ti ìbárẹ́ wà lọ́tọ̀.) Amọ̀ làwọn àgbà fi ń rẹ́lé kí sìmẹ́ńtì tó gbapò rẹ̀.

Ní Onitsha àti káàkiri Anambra, ọ̀rọ̀ yìí ti dé ibi tí èèyàn ò fọkàn sí. Púpọ̀ nínú ọnà tó yí òpó ilé ńlá ká, fóòmù funfun ni, irú èyí tó ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n. Afẹ́fẹ́ kó nǹkan bí ìdá 98 nínú 100 rẹ̀. Èékánná lásán á họ ọ́. Wọ́n á gé e, wọ́n á fi àwọ̀n wé e, wọ́n á wá fi sìmẹ́ńtì tí a pò mọ́ gọ́ọ̀mù rẹ́ ẹ. Fi ìka gbá a kí o gbọ́: ohùn rẹ̀ ò jọ ti kọnkéré.

Àwọn tó ń fi ọmọ-ogun kéékèèké ṣeré ogun lórí tábìlì náà ń rẹ́ ilé fóòmù wọn: gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà, ọ̀dà olómi, iyanrìn kíkúnná díẹ̀, léraléra, pàápàá ní igun ilé tó máa ń tètè ya. Ọ̀dà inú agolo tí à ń fín ní èròjà tó ń jẹ fóòmù, bí bẹntiróòlù ṣe ń yọ́ ọ. Ibi tí a kò bá rẹ́ dé, ibẹ̀ ló máa gbà wọlé.